Ọ̀nà Kara Tí Wọ́n Tì Mọ́ Messan

Ọ̀kẹ́ mẹ́ta owó sẹ́fà ni Messan kà sí Tevi lọ́wọ́ ní Lomé, owó ọkọ̀ dé ìlú Kara ní àríwá Tógò àti owó oúnjẹ. Ó yá a ni, àmọ́ àyà Messan kò já. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Tevi ti kọ́ṣẹ́ láti kékeré, iyàrá kan náà ni wọ́n sì jọ ń sùn.

Ilé ìtajà oògùn Màmá Pyalo ní Kara ló rán an lọ. Messan ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà oní-Linux tí wọ́n fi ń ṣírò ọjà níbẹ̀; owó oṣù ibẹ̀ ló fi ń san owó ilé. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún kò jẹ́ kó lè wọkọ̀ jíjìn mọ́, ló bá ní kí Tevi lọ tún un ṣe, kí òun lè máa ti Lomé wọ inú ẹ̀rọ náà láìséwu.

Ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí èèyàn fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ, ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń dán an wò lójoojúmọ́. Messan fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́, ìyẹn ìlà lẹ́tà gígùn kan tí ẹ̀rọ fi ń dá èèyàn mọ̀, kí Tevi fi sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n wá pa ọ̀nà ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ́.

Messan fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé èèyàn kì í jáde lórí ẹ̀rọ láìtíì gba ọ̀nà tuntun wọlé. Ó ṣì wà lórí ẹ̀rọ náà láti Lomé, ó sì fẹ́ dán kọ́kọ́rọ́ náà wò.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti wò ó, kọ́kọ́rọ́ yín wà níbẹ̀,” Tevi wí lórí fóònù láti Kara. “Àbí ọmọ àná ni mo ṣì jẹ́ lójú yín?”

Messan rẹ́rìn-ín. “Ẹnu ẹ ti gùn jù. Ó dáa, ti ọ̀nà àtijọ́ náà.” Ó sì jáde lórí ẹ̀rọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kò jẹ́ kó wọlé. Tevi kò gbé fóònù. Ó pe Màmá Pyalo.

“Tevi ní ẹ̀yìn yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ mọ́, pé ẹ ti gbé e fóun,” obìnrin náà wí. “Ìdajì owó yín ló ní òun á gbà. Mo rò pé ẹ jọ sọ ọ́ ni.”

“A ò sọ ọ́, Màmá.”

“Ẹ má bínú. Ọjà ò tà, Tevi sì wà nítòsí mi.”

Kọ́kọ́rọ́ Messan kò dénú ẹ̀rọ náà rí.

Nírọ̀lẹ́, owó wọlé sórí fóònù rẹ̀: ọ̀kẹ́ mẹ́ta gan-an, pẹ̀lú owó tí wọ́n máa yọ nígbà tó bá gbà á. Tevi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ò jẹ ara wa ní nǹkan kan mọ́.”

Onílé ń retí owó. Messan gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bá èèyàn sọ owó orí fóònù di owó ọwọ́ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò lọ.

“Oníbàárà ló rántí yín?”

“Ọmọṣẹ́ mi ni.”

“Ẹ tọ́ ọmọ ire o.”

Messan ka owó náà, ó pé. Ó kì í sápò, ó sì forí lé ọ̀dọ̀ onílé rẹ̀.