Ẹni Tó Ń Já Bọ́ Láìkanlẹ̀

N kò já bọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa rò pé mo ti já bọ́ láti orí igi obì nígbà kan ni ẹ̀rù fi ń bà mí. Irọ́ ni. Ẹ̀ka kan ló dún pà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nínú oko kan lẹ́yìn àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí. Mo di òmíràn mú, mo sọ̀kalẹ̀, mo gbé ọ̀pá mi, mo lọ sílé. Ẹni tó bá já bọ́, ó ti já bọ́ tán. Wọ́n á bá a to eegun, ọ̀rọ̀ á parí. Èmi tí n kò já bọ́, ojoojúmọ́ ni mo wá ń já bọ́.

Mo lè jókòó ti oúnjẹ, kí n ṣàdédé rí ara mi lókè, kí ẹ̀ka ṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ fìì létí mi. Màá di tábìlì mú. Màmá mi á ní ṣé ata ọbẹ̀ náà ló pọ̀ jù ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìjọ bá dìde kọrin, èmi a di bẹ́ǹṣì iwájú mi mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Orí ẹní ni mo ń sùn o, síbẹ̀ mò ń já bọ́ lórí rẹ̀. Ẹ wo bí orí èèyàn ṣe lè gọ̀ tó: ẹni tó na ara rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibo ló tún fẹ́ já sí?

Iṣẹ́ mi sì nìyí, obì ni mo ń ká. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé kí n wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àwọn olóbì a máa ra obì lórí igi lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwa la ó gùn ún pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí a so dòjé mọ́ lórí, a ó máa gé èso rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ka tó dún yẹn, mo sọ fún Àlàájà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pé orúnkún ń dùn mí. Nígbà tó yá, orúnkún di ẹ̀yìn, ẹ̀yìn di ojú. Ó fi mí sáàárín àwọn obìnrin tó ń bó obì, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ọwọ́ mi dára, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́ irun dídì. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù náà ń jẹun, ó ń sanra. Nígbà tó ṣe, n kò gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Bí wọ́n bá rán mí sí ẹni tó wà lókè, ojú títì ni mo ti ń ké pè é.

Àárín ìyẹn ni mo pàdé ọmọbìnrin kan láti Irolu, tó máa ń kó obì bàbá rẹ̀ wá fún Àlàájà. A fẹ́ràn ara wa. Àwọn èèyàn mi lọ rí bàbá rẹ̀, bàbá náà kò sì kọ́kọ́ bèèrè iṣu tàbí ọtí. Ó ní ọ̀wẹ̀ lòun fẹ́: kí n kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá, ká fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lóko òun, bí òun náà ti ṣe fún àna òun. Àna àwọn ẹlòmíràn a ní kí wọ́n roko tàbí kí wọ́n kọ ebè. Ti èmi ní obì òun ti gbó, kòkòrò sì ti fẹ́ wọ̀ ọ́, kí n wá gùn ún. Inú àwọn èèyàn mi dùn, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an ló bèèrè. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Bí n kò bá lè gùn ún, ọmọ náà lọ nìyẹn. Bí mo bá sì gùn ún, ẹ ti mọ ohun tí mò ń rí. Ẹsẹ̀ mi kò gbé ibì kan mọ́. Màá dìde, màá jókòó, màá rìn dé gáràájì lọ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé obì lọ sí Kánò. Mo tilẹ̀ rò ó lọ́jọ́ kan pé kí n bá wọn sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ga.

Nígbà tọ́jọ́ pé, a dé Irolu ní kùtùkùtù. Bàbá pín igi fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó fa èyí tó ga jù lé mi lọ́wọ́, ó ní ti ọkọ ìyàwó nìyẹn. Mo gùn ún. Ẹsẹ̀ kì í gbàgbé. Ó di ibi tí igi ti kọ́kọ́ ya, nǹkan mi bá dé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá igi mọ́ra, mo di ojú, ó tán.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi pè mí títí. Nígbà tí n kò dáhùn, ọ̀kan ní, “Ọkọ ìyàwó, ṣé igi lo wá fẹ́ ni?” Òmíràn ní kí wọ́n lọ gbé ẹní wá fún àwa méjèèjì. Nígbà tí iṣu jinná ní ahéré, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n lọ jẹun. Bàbá nìkan ló kù lábẹ́ igi. Kì í ṣe pé àánú mi ṣe é o. Obì rẹ̀ ló ń wò.

Ó ní, “Ìwọ yìí, kí ló ń ṣe ọ́?”

Mo ní mò ń já bọ́ ni, Bàbá.

“O ò já bọ́. Orí igi mi lo wà.”

Mo ní nínú orí mi ni. Ó bèèrè pé láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà òjò èṣí. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu tó kọ̀ tí kò jinná.

“Láti èṣí lo ti ń já bọ́, o ò tíì kanlẹ̀? Igi wo ló ga tó yẹn? Jọ̀ọ́, tètè kanlẹ̀, ká ráyè ká obì.”

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo yẹ orí mi wò, òótọ́ ni: nínú gbogbo jíjábọ́ yẹn, n kò kanlẹ̀ rí. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ ni mo ti ń di tábìlì mú. Mo bá jọ̀wọ́ ara mi sílẹ̀ nínú ọkàn. Mo já bọ́, mo kanlẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ mi kán. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù, wọ́n fi ẹsẹ̀ mi kọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi, wọ́n jẹ gbogbo ọsàn tí wọ́n kó wá fún mi tán. Lẹ́yìn náà? Mo dúró, n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì inú ọkàn mi yẹn títí ó fi sú mi. Mo wá gbọ́ òórùn iṣu láti ahéré. Ebi ń pa mí.

Mo ní, “Mo ti kanlẹ̀, Bàbá.”

Ó ní, “O ṣeun. Ká obì.”

Mo ká a. Dòjé ń gé ohun tí n kò rán an, Bàbá ń yẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó ń ráhùn. Nígbà tó ku apá òkè, mo tún gbójú wò ó, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀. Bàbá wo òkè, ó wò mí, ó ní, “Ìdajì igi lo ká. Ìdajì ọmọ ni màá fún ọ.” Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ìyẹn rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Irolu, èmi nìkan. Mo bá ọmọ náà lóko, ó ń ṣa obì àná jọ. Ó ní, “Wọ́n ní ẹ dì mọ́ igi lánàá.” Mo ní igi náà kò gbà fún mi. Ó bèèrè bóyá mo lè gùn ún dé òkè. Mo ní n kò mọ̀.

Ó ní, “Bí ẹ ò bá lè gùn ún, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lọ́jà.”

Mo gòkè. Níbi tí igi ti kọ́kọ́ ya, mo já bọ́, mo kanlẹ̀, mo dé ọsibítù, wọ́n jẹ ọsàn mi. Níwájú díẹ̀ mo tún já bọ́, wọ́n tún gbé mi lọ. Nígbà tí mo fi máa débi tí mo ti ń rí páànù ilé àwọn ará Irolu, n kò ráyè dé ọsibítù mọ́, torí ọmọ náà ń tọ́ka obì tó kù fún mi láti ìsàlẹ̀, ó ń ké pé, “Apá òsì yín! Òsì yín mà ni mo wí!” Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín pé ó lọ. Ó kàn ń bá mi gun igi ni, kò sì mọ dòjé lò.

Mo ti sọ̀kalẹ̀, mo ti wọ bàtà, kí Bàbá tó dé tòun ti àdá léjìká. Kò kí mi. Ó yí igi náà po, ó ń wá àléébù. Ó rí èso kan, tó sá pamọ́ sí ṣóńṣó ẹ̀ka òkè pátápátá, ó fi àdá tọ́ka sí i.

Ó ní, “Àna mi, ọ̀kan ṣẹ́kù.”

Mo bọ́ bàtà.