A Ṣe Àmín Sí I

Títí di òní, inú ń bí mi sí gbogbo wa, àti èmi pàápàá. Nígbà tí ìlú le, ìdílé mẹ́fà ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́, para pọ̀ láti máa tọ́jú oúnjẹ àti kẹrosíìnì de ìyàn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin là ń kó ẹrù sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń wọkọ̀ láti Oǹdó tí mo ti ń ṣe tíṣà, kí n lè bá wọn ṣèpàdé.

Ojú wa ni ìwà ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó kọ́kọ́ ti kànga mọ́ àwọn aládùúgbò. Ó ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjù mọ́, kó má lọ sọ ohun tó wà nílé. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ìyàn, ojú rẹ̀ á máa dán bí ẹni tó ń retí Kérésì. À ń rẹ́rìn-ín, à ń pè é ní Nóà. Ẹ̀rín rádaràda.

Ní Sátidé kan, òun ló gbàdúrà ìparí: ẹni tó bá yọjú sí oúnjẹ wa lọ́jọ́ ìyàn, kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé. Àmín ti mọ́ wa lẹ́nu jù. A ṣe é. Tèmi ló ròkè jù.

Lẹ́yìn ìpàdé, ìyàwó rẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní ọkọ òun ti po oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó mọ́ àpò gàrí kan, fún aládùúgbò tó bá jalẹ̀kùn wọlé. Kò fi àmì kankan sí i, kí olè má baà fura. Yàrá tí àpò náà wà ni àbíkẹ́yìn wọn, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, ti ń lọ bu gàrí.

"Ọkọ mi, mo ti sọ fún àwọn tó kù," ó ní. "Wọ́n ní kí n máa gbàdúrà."

Mo padà wọlé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ọ̀rọ̀ náà lójú gbogbo wọn. Ojú ò tì í.

"Ti ará ìta ni," ó ní, "kì í ṣe ti ulé."

Baba kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n má fojú di ẹ̀gbọ́n mi. Mo fojú di í dáadáa. Mo wọ́ gbogbo àpò gàrí síta, mo dà wọ́n sí ṣáláńgá. Àwọn tí ẹnu wọn wúwo lẹ́ẹ̀kan wá ń pariwo pé mo fi oúnjẹ ṣòfò.

Mo kó ìyàwó àti ọmọ náà lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ náà. Mo ro ẹ̀bà gbígbóná, mo gbé e síwájú ọmọ náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí bóyá tiwa ni, àbí ti ará ìta.