Fìlà Tí Baálẹ̀ Fi Búra

Lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú, gàrí ni ìyá mi ń yan lọ́wọ́. Ìbọn kìíní dún lápá odò, a rò pé táyà ló bẹ́. Nígbà tí èkejì dún, àwọn ará ọjà ń sáré kọjá, wọn ò wẹ̀yìn. Báyìí ni ìjà àwa àti ìlú kejì ṣe di ogun. Mo ti rí mọ́tò tí yóò gbé wa, mo ti di ẹrù.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní ká dúró."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Baálẹ̀ wa. Nírọ̀lẹ́, ó kó wa jọ síwájú ilé rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá. "Bí mo bá fi yín sílẹ̀, kí fìlà yìí má gbé orí mi mọ́." Mọ́tò lọ láìsí wa.

N kì í sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Mọ́rẹ́, ọmọ mi tó ń lọ sí yunifásítì níbí ní Ṣikágò, ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó ń kọ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ kékeré kan ní Jámánì àtijọ́, tí ọ̀tọ̀kùlú kan ń jọba lé lórí. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rin ín já láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ará ibẹ̀ nawọ́ sókè, wọ́n búra pé àwọn ò ní kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà búra pé òun yóò dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí ọmọ ogun ọ̀tá dé, ó gba ẹnubodè ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú ẹṣin àti ẹrù rẹ̀. Àwọn tó kù jẹ èèpo igi. Ogun tán, ó padà dé, wọ́n sì tún nawọ́ sókè.

"Mọ́mì, wait. Wọ́n tún búra fún un? Ṣé wọn ò nítìjú ni?"

Mo pa iná gáàsì, mo jókòó, mo sọ ti Baálẹ̀ àti fìlà rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò lẹ́yìn ìbúra yẹn. A lá gàrí tán, a se ìbẹ́pẹ tútù láìní iyọ̀. Bí páànù òrùlé bá ti gbọ̀n, a mọ̀ pé ìbọn ti súnmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo lọ tọrọ omi nílé Baálẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbayawu. Iná ṣì wà nínú ààrò. Kò sẹ́nìkan, àfi fìlà yẹn lórí àga.

Mo mú un lọ fi han ìyá mi. Ó wò ó títí.

"Bóyá oúnjẹ ló lọ wá fún wa."

"Màámi, ó ti sá!"

"Àbẹ̀kẹ́, máa lọ. Tó bá dé tí kò bá mi nílé ńkọ́?"

Mo ki fìlà náà bọ àpò mi, mo lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀tá wọ̀lú.

Nígbà tí mo padà, eérú ni mo bá níbi tí mo fi ìyá mi sí. Ìlú dákẹ́, àkùkọ kan ò kọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Baálẹ̀ dé, fìlà tuntun lórí. A tò láti kí i. Ó ní a kú ìrọ́jú. Kò béèrè àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Fìlà àtijọ́ wà nínú àpò tó kọ́ mi lápá. N kò yọ ọ́. Mo kúnlẹ̀.

Mọ́rẹ́ dìde. Ó wọ yàrá mi, ó mú fìlà náà jáde nínú àpótí mi, ó gbé e sílẹ̀ láàárín pálọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe júwe pé Baálẹ̀ ṣe. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wò ó.