Ta Ló Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Mi?

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Jiddari Polo. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: onítíì tí mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ mi sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, Alhaji tó ń ta àgádágodo ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò méjì. Wọ́n jìnnà sí kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó jìnnà sí ajá dìgbòlugi. Kò sí oníbàárà kankan lórí bẹ́ǹṣì onítíì. Alhaji ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Èmi ni mo fà á.

Ilé mi wọ inú lọ, lójú ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn onínápẹ́ẹ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í fẹ́ gbà láàárọ̀. Gwange ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ibẹ̀ jìn ju ibi tí orúnkún mi lè wa kẹ̀kẹ́ dé lọ. Nítorí náà, màá gun kẹ̀kẹ́ dé títì, màá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà onítíì, màá sì wọ bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo máa ń pẹ́ kúrò nílé. Ọ̀gá ilé ìwé ti fún mi ní kúẹ́rì méjì. Ó ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun á ní kí wọ́n gbé mi kúrò. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, mi ò lè fi iṣẹ́ náà ṣeré. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló ń gbà mí.

Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ìjókòó rẹ̀ ti wálẹ̀. Mo gbé e sókè, mo dè é le. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti wálẹ̀. Onítíì kúrú. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí òkè táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, àmì náà ti wà nísàlẹ̀.

"Sannu, Malam," onítíì kí mi, ó bu tíì fún mi, ó fi ṣúgà kún un láìjẹ́ pé mo béèrè. Hausa la jọ máa ń sọ. Mo mu tíì náà, mo ń rò ó pé kí ló ń tù mí lójú fún.

Mo sọ ọ́ fún Alhaji. Ìlú òkè Ọya yìí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Wallahi, ẹ̀yin tíṣà yìí! Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ fún èèyàn, ẹ wá ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣọ́ ọ? Ẹ ra àgádágodo."

"Ẹ̀yin náà lẹ sì ń tà á."

"Kì í ṣe tìtorí ọjà ni mo ṣe sọ ọ́." Ó nawọ́ sókè. "Ṣùgbọ́n èyí tó nípọn yìí ló dáa."

Mo rà á pẹ̀lú ṣéènì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo so kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó àtíbàbà, mo fi báàgì aṣọ òjò mi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Onítíì wo ṣéènì náà. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì fọn fèrè, mo sá wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo padà dé nìyẹn.

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí?" ẹ̀ṣọ́ tó dàgbà jù béèrè.

"Èmi ni."

"Láti àárọ̀! Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, báàgì lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ni ín. Ìlú wo lẹ rò pé a wà?"

Mo tú báàgì. Aṣọ òjò ló jáde. Ẹ̀ṣọ́ kejì pòṣé.

"Tíṣà! Ta ló kọ́ ẹ̀yin gan-an?"

Ẹni àkọ́kọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kẹ̀kẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kejì.

Nígbà náà ni onítíì sọ̀rọ̀. "Malam, lójoojúmọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí bá ti ń bọ̀, màá gùn ún lọ, màá gùn ún bọ̀ níwájú wọn, kí wọ́n lè rí i pé kò sí bọ́ǹbù nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kì í tó ilẹ̀, ni mo ṣe ń fa ìjókòó wálẹ̀. Lónìí, ẹ tì í pa."

Mo wo ojú rẹ̀, mo ṣì ń wá irọ́ níbẹ̀.

"Mo sọ fún wọn pé mo mọ ẹni tó ni ín, pé tíṣà ni," ó ní. "Wọ́n bi mí ní orúkọ yín. Ọdún méjì rèé, ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

Mo bojú wo Alhaji. Òun náà, Tíṣà ló mọ̀ mí sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo di kẹ̀kẹ́ náà mú, mo dúró tì í títí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi yí dé. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá, mo jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo sọ orúkọ mi fún ẹ̀ṣọ́ àgbà náà, orúkọ bàbá mi, ilé mi àti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ sí onítíì, ó ní bí kẹ̀kẹ́ náà bá máa dúró níbẹ̀, kí n sọ ọ́ fún ìyẹn náà. Mo tún un sọ.