Èènì Inú Omi Atalẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Fọláyẹmí Ògúntúndé jẹ́, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló fìdí rẹmi nínú ìṣirò ìdánwò ìwé mẹ́wàá, òun náà ló sì padà wá di olùkọ́ ìṣirò. Kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì tuntun ló máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ, ẹnu á sì yà wọ́n, nítorí àwọn olùkọ́ yòókù a máa ṣe bí ẹni pé inú oyún ni wọ́n ti gba máàkì.

Abẹ́òkúta làwọn òbí rẹ̀ ti wá, Kétu ni wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bà á lórúkọ jẹ́ yẹn, ó lọ ń bá àbúrò ìyá rẹ̀, Aunty Oyin, ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa po àwọ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan ní kí wọ́n po irú ọ̀dà tí wọ́n pò fóun tẹ́lẹ̀, àmọ́ kó tó ìlọ́po mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, agolo búlúù kan sí agolo funfun mẹ́fà ni. Fọláyẹmí bu búlúù mẹ́ta, ó bu funfun méjìdínlógún, ó rò ó pọ̀, àwọ̀ náà sì jáde bákan náà gẹ́lẹ́. Ó dúró, ó ń wo garawa. Ṣé réṣíò tí wọ́n torí ẹ̀ nà án ní JSS 2 nìyí? Inú bí i gidigidi. Ta ni inú ò ní bí? Ohun tí èèyàn lè fojú rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n fi pàṣán kọ́ ọ fún odindi táàmù kan, kò sì yé e. Ìbínú yẹn ló gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sì tíì rọlẹ̀ títí dòní.

Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkòsí ló ti ń kọ́ JSS 2A báyìí. Ẹni tó ni ilé ìwé náà ni Mrs. Keziah Ayọ̀ọlá, tí tolùkọ́ tọmọ ń pè ní Mummy. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ ni pé nóòtì tó bá kún ni ẹ̀rí ẹ̀kọ́, torí náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ làwọn òbí máa ń wá yẹ nóòtì wò. Nóòtì àwọn JSS 2B, tí Uncle Gbénró ń kọ́, kún dé èèpo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tó wà níbẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ jẹ́ káwọn lọ wò ó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fọláyẹmí gbé omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, omi atalẹ̀ àti agolo mílíìkì òfìfo wọ kíláàsì. Ìlà kan ṣoṣo ló kọ sójú pátákó: atalẹ̀ kan, ọ̀pẹ̀ òyìnbó márùn-ún. Wọ́n pò ó, wọ́n tọ́ ọ wò, ó dùn. Ó wá ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan po èyí tó máa pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kí adùn rẹ̀ má yàtọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣèyítán. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Mile 12, òun náà sì ti mọ kóńgò wọ̀n kó tó mọ ABD. Nílé tiwọn, a kì í wọn ọjà féèyàn ká má fi èènì lé e.

"Ẹ jẹ́ ká fi èènì sí i," ló wí fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Agolo kan fún atalẹ̀, agolo kan fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Tibí gba kan, tọ̀hún gba kan. Kò sí cheating níbẹ̀."

Gbogbo wọn gbà. Fọláyẹmí gbọ́, ó sì pa ẹnu mọ́, torí pé àṣìṣe téèyàn bá gbé mì kì í ṣeé gbàgbé bọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e mu. Atalẹ̀ náà ta wọ́n lọ́fun, ojú wọn ń ṣomi, ọ̀kan nínú wọn, Tòkunbọ̀, sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi, àwọn yòókù ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín àti ikọ́ yẹn ni Mummy yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Aunty Fọláyẹmí," ló wí, "school ni mo ṣí o, mi ò ṣí beer parlour."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, lẹ́tà ti dé. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i pé òun ò ní gbé ẹrù kankan wọ kíláàsì mọ́, pé nóòtì lòun á máa kọ sójú pátákó. Bí kò bá tíì fọwọ́ sí i tó bá fi di Jímọ̀, Uncle Gbénró á gba kíláàsì rẹ̀, Fọláyẹmí á sì wá ibòmíràn lọ. Àárín táàmù sì nìyí, ilé ìwé wo ló ń gba olùkọ́? Ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ká lẹ́tà náà sínú àpò, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní káwọn ẹgbẹ́ Ṣèyítán ka agolo wọn. Atalẹ̀ méjì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́fà. "Kí ló dé tó fi ta yín?" ló bi wọ́n. Ṣèyítán tún àwọn agolo náà kà. Aago sì lù, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e.

Nígbà tó di Jímọ̀, Mummy ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì. "Ṣé o ti sáìnì?"

"Rárá, mà. Ṣèyítán ló ṣe àṣìṣe, ẹ pè é. Ẹ bi í ní ìbéèrè yòówù tó bá wù yín lórí réṣíò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, màá sáìnì níwájú yín."

Mummy ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. "Ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́fà ló wà nínú choir wa," ló wí. "Mo wá fi ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì kún un. Ṣé réṣíò yẹn yí padà?"

"Kò yí padà, mà," ni Ṣèyítán dáhùn. "Iye kan náà lẹ fi kún méjèèjì."

Mummy ti bíró sí Fọláyẹmí lórí tábìlì pé kó sáìnì.

Ọmọ náà ò kúrò níbẹ̀. Ó ń fi ìka ka nǹkan sára yẹ̀rì rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, mo ti ṣì í," ló wí. "Èènì nìyẹn. Ọkùnrin méjì péré ló wà, ẹ fi méjì kún wọn, wọ́n ti di ìlọ́po méjì. Àwọn obìnrin ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, méjì ò tó nǹkan lára wọn. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin kan sí obìnrin mẹ́ta ni. Ní báyìí, ọkùnrin kan sí obìnrin méjì ni. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó yí, tẹ́ ẹ bá mú ọkùnrin méjì, ẹ gbọ́dọ̀ mú obìnrin mẹ́fà."

Mummy ní kó padà sí kíláàsì. Ó ń fi ìka lu tábìlì. "Ó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mi ò bá ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n sáìnì."

"Àdéhùn wa kọ́ nìyẹn, mà." Fọláyẹmí ti lẹ́tà àti bíró padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mi ò ní sáìnì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Uncle Gbénró sí kíláàsì yẹn lónìí, ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Èmi ò ní jókòó máa wo ọmọ táá fi ọdún kan da ìwé kọ, tí kò ní mọ nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà."

Mummy mú lẹ́tà náà, kò ya á, kò sì fi í pa mọ́. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀. "Bàbá ọmọ yẹn ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ojú ìwé mẹ́ta ló ṣófo nínú nóòtì ọmọ rẹ̀. Kí ni kí n wá fi hàn án?"

"Ọmọ rẹ̀, mà," ni Fọláyẹmí wí. "Ìwé kọ́ ló bí."