Ilé Tó Jọra, Òjò Tó Ń Bọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní àsìkò SAP, nígbà tí gbogbo nǹkan le koko. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé orúkọ èèyàn rí.

Àyà ń dun Comfort, ìyàwó mi, ọmọ Oǹdó. Yàrá tí a háyà ní àdúgbò Ìsìkàn ń jò. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ tún lo àsìkò òjò kan sí i nínú ilé tó ń jò. A sì ti ní ilé tí wọ́n ń kọ́ fún wa lọ́wọ́ ní ẹ́síteètì kan lọ́nà Oǹdó. Ṣé yóò parí kí òjò tó dé? Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn!

Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ń yá. Ọ̀kan náà ni gbogbo ilé. Pákó tí Fóòmáànù Gabriel fi da kọnkéré sórí fèrèsé ilé kìíní, òun náà ni wọ́n ń tú gbé lọ sí èkejì. Àwọn bíríkìlà ò tiẹ̀ wo pílánì mọ́, ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n.

Àfi bí àwọn onílé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà! Ẹ mọ̀ wá, ilé ni ògo wa. Tíṣà Akínfọlárìn ní òun fẹ́ fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lórí bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àdùkẹ́ tó ń ta aṣọ ní Arákálẹ̀ ní bákónì lòun fẹ́. Ó ní ṣé bárékè ṣọ́jà ni, tí gbogbo ilé fi jọra? Ó tún fi kún un pé:

"Ọjọ́ tí ọmọ wa bá ti Ìbàdàn dé, ilé onílé ni yóò wọ̀!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò pẹ́. Pákó fèrèsé Tíṣà kò bá ilé ẹlòmíràn mu. Káfíńtà á gé tuntun, bíríkìlà á jókòó dè é, wọ́n á mọ ọ́n, á wọ́, wọ́n á tún un mọ. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ di iṣẹ́ oṣù. Tiwa sì rèé, ògiri lásán! Àràárọ̀ ni mò ń lọ síbẹ̀ lọ wo ojú ọ̀run. Tí ìkùukùu bá ṣú, àyà mi á já.

Fóòmáànù wá bi mí pé irú èwo lèmi fẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ ló wà lọ́kàn mi, bíi ti ilé bàbá Comfort. Mo ní kí n bi Comfort ná. Ó wúkọ́ títí.

"Bàbá Káyọ̀dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò gbà mí lọ́wọ́ òjò ni, àbí páànù? Ẹ ní kí wọ́n ṣe é bíi ti àkọ́kọ́. Èmi fúnra mi ni n ó fi àmì sí i."

Àmì wo? Kò sọ.

Fóòmáànù kó àwọn pákó àtijọ́ jáde, ni iṣẹ́ bá tún yá. Tíṣà ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ kú ìmúra bárékè o!" Mo ní kó bá mi kí bíṣọ́ọ̀bù ilé rẹ̀.

Sùlémánù káfíńtà ń kan páànù ìkẹyìn lọ́wọ́ nígbà tí àrá sán. Èmi ń pariwo nísàlẹ̀ pé kó ṣe kíá! Kò pẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ ni òjò dé. Comfort jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ó gbójú sókè.

"Ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀. Kò sì kán sí mi lára."

Nígbà tí òjò dá, ó gbin igi ewúro sẹ́nu ọ̀nà. Àmì ọ̀hún nìyẹn!

Ó lo gbogbo òjò ọdún náà nínú ilé yẹn. Ọyẹ́ ló mú un lọ. Nígbà tí Káyọ̀dé ọmọ wa ti Ìbàdàn wálé wá sìnkú ìyá rẹ̀, ilé tó jọra ló tò lọ bẹẹrẹ. Kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ewúro tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún un ló fi mọ ilé wa.

Ilé Tíṣà padà parí, ó sì rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ló ń yá. Tí ẹnì kan bá ń dúró de òrùlé, ẹ jẹ́ kí òrùlé ṣáájú àrà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ kánjú kọ́lé fún? Ṣé ilé náà bá a láyé? Ẹ sọ fún mi, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀. Mi ò ní gbàgbé.