Àtàǹpàkò Olùdáhùn Kìíní

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó lọ kọ́ nípa ìtàn, mo sì ti kọ fọ́ọ̀mù tó lè kún yàrá kan. Síbẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ kí ojú mi rí màbo bí fọ́ọ̀mù tí ìgbìmọ̀ kan fún mi ní yunifásítì n'Ifẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yìí ni láti ṣọ́ àwa olùwádìí kí a má baà rẹ́ ọmọ aráyé jẹ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àfi tó bá fọwọ́ sí i tàbí tó tẹ̀ka sí i. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olùdáhùn Kìíní, Olùdáhùn Kejì, bẹ́ẹ̀ ni kí n máa pè wọ́n, bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ohun tí mo ń wádìí ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ọmọ n'Ifẹ̀ nígbà tí ilé ìgbẹ̀bí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú. Orí kẹta ìwé mi ṣófo. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé kí n lọ bá ìyá àgbà kan ní Òkèrèwè, òun nìkan ló kù nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí nígbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sì ti sọ fún mi pé, "Madam, tí orí kẹta ò bá dé ọwọ́ mi kí sẹ́mẹ́sítà yìí tó parí, ẹ padà sí wọ́ọ̀dù yín."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkèrèwè. Ìyá àgbà náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Mama, ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lójúde, ó kí mi dáadáa, ó bèèrè ìlú mi. Nígbà tí mo ní Iléṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, Ọlọ́run ló dá gbogbo wa. Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí tí mo fi yọ fọ́ọ̀mù àti tàdáwà.

Mama ju ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí ní kí n tẹ̀ka síwèé!"

Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ní agboolé tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ló wà tí àlejò máa ń gbé wá pé kí arúgbó tẹ̀ka sí: ìwé ilẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá.

Kí n tó ṣẹ́jú, ilé ti kún. Olórí ẹbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ kan sójú.

"Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ rà? Ti ẹ̀yìnkùlé ni àbí ti oko?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìtàn ni mo wá gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gba ilẹ̀ wa ìjelòó ṣe wí."

Ó ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè ketekete, ó ń wá ilẹ̀. Nígbà tí kò rí i, ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa lọ, wọ́n á ronú sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń gbààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kéde. Wọ́n wá pè mí lórí fóònù pé Mama fẹ́ rí mi.

"Wọ́n ní inú ìwé lo fẹ́ kọ mí sí," ni Mama wí. "Màá tẹ̀ka. Ṣé orúkọ mi á hàn dáadáa?"

Pẹ̀lú ayọ̀ ni mo fi dáhùn, òmùgọ̀ èèyàn! "Rárá o, Mama! Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa fi orúkọ yín pamọ́ pátápátá."

Mama bèèrè pé, "Kí ni mo jí?"

Ó wá sọ ohun tó ń dùn ún. Atọ́jú-wọ́ọ̀dù ni nígbà náà, òun ló ń nulẹ̀. Àwọn aboyún ń sá fún ilé ìgbẹ̀bí, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ wẹ ọmọ tuntun, kó nà á lápá nà á lẹ́sẹ̀. Ni Mama bá bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ìyá ọkọ gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì wọlé bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ wá. Ọwọ́ mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ti rí i pé èrò ń pọ̀ sí i, ó bá fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìjọba wá yin iṣẹ́ náà, mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n yìn. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Mama wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní òfin lòfin. Mo padà lọ sọ òótọ́ fún Mama. Ó na àtàǹpàkò sí mi. "Kọ ọ́ ná, kó má baà bá mi wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá parí ẹ̀, gbé e wá kí n rí i."

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ fi ìwé náà sílẹ̀ ní yàrá ìkàwé yunifásítì, mo kọ́kọ́ gbé e yà ní Òkèrèwè. Olórí ẹbí ka orí kẹta fún wa. Ó dé ibi Olùdáhùn Kìíní.

"Ta nìyẹn?" ni Mama bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, Mama."

"Ṣé tàdáwà rẹ yẹn ṣì wà?"

Ó wà nínú báàgì mi. Ibi gbogbo tí wọ́n bá ti kọ Olùdáhùn Kìíní ni Mama tẹ̀ka sí, olórí ẹbí tó lé mi níjọ́sí ló ń bá a ṣí ìwé. Ó yẹ kí n dá a dúró. N kò lè ṣe é.

"Gbé e lọ," ni ó wí nígbà tó parí. "Kí ẹni tó bá ní mátírọ́ọ̀nù ló ṣe é wá fi ìka tiẹ̀ wé e."

Ọkùnrin tó ń gba ìwé ní yàrá ìkàwé ṣí i, ó pariwo. "Madam, ta ló ba ìwé yìí jẹ́ báyìí?" Kò dúró de ìdáhùn. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó ní kí n kọ ọ́ kí òun tó lè gba ìwé náà.

Ìlà kejì ni wọ́n ti bèèrè orúkọ ẹni tó fa ìbàjẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, fọ́ọ̀mù dùn mọ́ mi. Mo mú bírò, mo kọ orúkọ Mama gàdàgbà gàdàgbà, ti baba rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, mo sì fi oríkì rẹ̀ kún un títí àyè fi tán.